Arọ Tó Gbọ́n: Bí Prótéìnì Ààbò Ewéko Ṣe Ń Yí Padà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi ìsinmi yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ewé, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù. Alága ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gbọ́, ẹ̀yin Alága. Ṣùgbọ́n ìjà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 400 ọdún tí wọ́n ti ń jà á, ẹ ó bá mi fi díẹ̀ sí i.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mo fẹ́ bi yín léèrè. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ta ni arọ jù lọ? Igi ni. Ewéko ni. Ibi tí irúgbìn bá já sí, ibẹ̀ ló máa dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Kò lè sá fún ewúrẹ́. Kò lè lé tata dànù. Kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọmọ ogun káàkiri ara bíi tiwa. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ yọjú síta láti ojú fèrèsé yẹn. Kí lẹ rí? Ewé tútù yọ̀yọ̀. Kí ló dé tí wọn ò tíì jẹ ẹ́ tán?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ kí n tó gbéra, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé líle ló ń gba ewéko là: èèpo tó le, ẹ̀gún tó mú, oje tó korò. Líle ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ohun ìjà tó bá wà lójú kan, ọ̀tá á mọ̀ ọ́n, á sì wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn ewéko tó kù láyé lónìí, àwọn tí ohun ìjà wọn ń yí padà ni. Ibi tó sì ti ń yí padà jù lọ ni ibi tí ara rẹ̀ ti ń kan ara ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní láti sọ nìyẹn. Ìtàn ni ìyókù.

Ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ arọ

Prótéìnì ni mo bá wá síbí, mi ò bá ẹ̀gún wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ kúrò níléèwé, ẹ rántí pé prótéìnì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, ásíìdì àmínò là ń pè wọ́n. Bí a bá ti sín wọn tán, okùn náà á ká ara rẹ̀ jọ, á di nǹkan tó ní igun, tó ní kòtò, tó ní ètè. Bó bá ṣe ká jọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹ pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan péré níbi tó ṣe kókó, iṣẹ́ lè bàjẹ́ pátápátá. Ó sì lè dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kì í wọ́pọ̀.

Àwọn prótéìnì ààbò kan jẹ́ ọ̀bẹ. Kítínéèsì ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdílé olú àti àwọn tó ń mú oúnjẹ bu, ohun kan tí wọ́n ń pè ní kítìnì ni wọ́n fi mọ ògiri ara wọn. Kítìnì yìí náà ló wà nínú ìkarahun kòkòrò. Ewéko fúnra rẹ̀ kò ní ẹyọ kítìnì kan lára. Ẹ wá wo ọgbọ́n: ewéko ní ọ̀bẹ tó ń gé kítìnì. Ọ̀bẹ tó ń gé ọ̀tá, tí kò lè gé ọlọ́wọ́ rẹ̀!

Àwọn mìíràn kì í gé nǹkan, ikùn ọ̀tá ni wọ́n ń dà rú. Lọ́dún 1972, T. R. Green àti Clarence Ryan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà fi kòkòrò tó ń ba pòtétò jẹ́ sórí ewé pòtétò àti tòmátì, kó máa jẹ ẹ́. Kí ni wọ́n rí? Prótéìnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ nínú ewé. Ewé tí kòkòrò fẹnu kàn nìkan kọ́ o! Àwọn ewé tó wà lókè, tí kòkòrò ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ti ń gbára dì. Iṣẹ́ prótéìnì náà ni kó lọ dí ẹnu ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò fi ń da oúnjẹ nínú. Kòkòrò á jẹ, á jẹ, oúnjẹ ò ní dà. Ó di ọdún 1991 kí Ryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ìdágìrì náà: ìlẹ̀kẹ̀ 18 péré, wọ́n sọ ọ́ ní systemin.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀, àbí ẹ ò rí i?

Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́n ọgbọ́n àtikú, ìyá rẹ̀ á gbọ́n ọgbọ́n àtisin. Ní 1995, àwọn olùṣèwádìí kan ní Netherlands fi kòkòrò tó ń di labalábá òru sórí ewé tábà tí wọ́n ti mú kó ní irú prótéìnì yẹn lọ́pọ̀ yanturu. Kòkòrò náà jẹun, ó sì ń dàgbà. Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ó ti pa àwọn ẹ́ńsáìmù àtijọ́ tì, ó ti gbé òmíràn jáde, irú èyí tí prótéìnì ewé náà ò lè dí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ba ricin, prótéìnì kan tó jẹ́ májèlé, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè. Inú irúgbìn lárà ló wà. Hermann Stillmark ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1888. Òun kan náà ni wọ́n fi pa Georgi Markov, ará Bùlgáríà tó jẹ́ òǹkọ̀wé, ní London lọ́dún 1978. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń yọ lẹ́tà kan ṣoṣo kúrò lára ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe prótéìnì. Lẹ́tà kan! Ẹ̀rọ dákẹ́.

Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn olùṣọ́. N ó padà sọ́dọ̀ wọn, torí tiwọn gan-an ló gbé mi jáde nílé.

Àṣìkọ tó ń di ọgbọ́n

Báwo la ṣe mọ̀ pé prótéìnì kan ń sáré yí padà? Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Inú ìwé la ti ń kà á, ìwé ọ̀hún sì ni DNA, ìwé inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa sín ìlẹ̀kẹ̀ prótéìnì.

Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ó jẹ́ 64. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àmì pé gbólóhùn parí. Ó ku 61, ìlẹ̀kẹ̀ 20 péré ni wọ́n sì ń dárúkọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ìtumọ̀ lọ! Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́rin, àní mẹ́fà, fi lè dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kan náà.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ìwé yìí kọ, àṣìkọ máa ń wọ̀ ọ́. Àṣìkọ kan wà tí kì í yí ìtumọ̀ padà. Bí mo bá ní "ẹ wá", bí mo bá ní "ẹ máa bọ̀", iṣẹ́ kan náà ni mo rán. Òmíràn wà, ẹ ò ní yí ju àmì ohùn kan lọ, ọkọ́ tí ẹ fi ń roko ti di ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ rìnrìn àjò.

Àṣìkọ àkọ́kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ó kàn ń kóra jọ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni, bí eruku tó ń bà sórí àpótí. Motoo Kimura, ará Japan, ló là wá lójú ní 1968 pé púpọ̀ nínú ìyípadà inú DNA ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ṣe rere, kò ṣe ibi. A lè fi eruku yẹn mọ bí àkókò ṣe pẹ́ tó. Àṣìkọ kejì ń kọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá gbé e á kú, tàbí kó má bímọ tó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àṣìkọ náà á bá a lọ.

Nítorí náà, bí a bá fi jíìnì, ìyẹn apá ìwé DNA tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe prótéìnì kan, ti àwọn ewéko tó jẹ́ ìbátan wéra, tí a sì ti ṣírò iye ààyè tí oríṣi àṣìkọ kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó yí ìtumọ̀ padà máa ń kéré gan-an sí èkejì. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ jíìnì nìyẹn. Bí méjèèjì bá dọ́gba, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bìkítà nípa jíìnì yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n tí èyí tó yí ìtumọ̀ padà bá pọ̀ ju èkejì lọ ń kọ́? Háà! Nǹkan kan ń bẹ níta tó ń fẹ́ ìyípadà. Ẹni tó dúró sójú kan ń kú, ẹni tó yí padà ń bímọ. Níbẹ̀ la ti ń gbọ́ òórùn ogun.

Ẹnu ọ̀bẹ ló ń yí padà

Ẹ padà sórí kítínéèsì. Lọ́dún 2000, John Bishop, Antony Dean àti Thomas Mitchell-Olds kó jíìnì kítínéèsì jọ láti inú àwọn ewéko ìdílé Arabis, wọ́n fi wọ́n wéra gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n rí, ẹ dá mi lóhùn. Ọ̀bẹ tí ẹ fẹ́ kó máa gé dáadáa, apá ibo lára rẹ̀ ni ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe? Mo gbọ́ o: ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà níwájú gbà á. Èèkù lè gùn, ó lè kúrú, ẹ lè fi awọ bò ó. Ẹnu ọ̀bẹ ni ẹ ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn: kòtò tí ẹ́ńsáìmù fi ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló máa ń wà bákan náà láti ìran dé ìran.

Nínú kítínéèsì, òdìkejì ni wọ́n bá. Kòtò yẹn gan-an, ibi tí kítìnì ti ń wọlé kí wọ́n tó gé e, ibẹ̀ ni àwọn ìyípadà tó ní ìtumọ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yẹn, mo rò pé wọ́n ṣírò rẹ̀ sódì ni. Mo tún un kà. Ìṣirò náà dúró.

Kí ló fà á? Ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ọ̀tá kì í bá èèkù jà, ẹnu ọ̀bẹ ló ń wá. Bó bá rí nǹkan tó lè kì bọ kòtò yẹn, ọ̀bẹ ti kú. Ewéko tí kòtò rẹ̀ bá sì yàtọ̀ díẹ̀, tí nǹkan tí ọ̀tá kì bọ̀ ọ́ kò bá wọ̀ mọ́, òun ló máa rí ọmọ bí.

Ṣé àbá lásán ni? Rárá. Ẹ wo ẹ̀wà sóyà àti ọ̀tá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Phytophthora sojae. Sóyà ní ọ̀bẹ mìíràn, gúlúkánéèsì, tó ń gé ògiri ara ọ̀tá yìí. Ní 2002, Jocelyn Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn prótéìnì tí ọ̀tá náà ń tú jáde láti fi dí gúlúkánéèsì yẹn lẹ́nu. Apá tó dùn mọ́ mi jù ni pé, bí ẹ bá wo ìran tí prótéìnì ọ̀tá yìí ti wá, inú ìdílé àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé prótéìnì ni. Ó kàn ti pàdánù eyín tó fi ń gé nǹkan ni. Ọ̀tá mú ọ̀bẹ tó ti kú ẹnu, ó sọ ọ́ di èdìdì!

Ọ̀tá mìíràn, Cladosporium fulvum tó ń bá ewé tòmátì jà, gba ọ̀nà tirẹ̀. Kò dí ẹnu ọ̀bẹ rárá. Prótéìnì kan ló fi ń bo kítìnì ara ògiri rẹ̀, kí ọ̀bẹ má bàa ráyè kàn án.

Níbo ni ohun ìjà tuntun ti ń wá?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n kan nìyí: bí prótéìnì bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ìgbà wo ló máa ráyè kọ́ iṣẹ́ mìíràn? Susumu Ohno fi ìdáhùn rẹ̀ lélẹ̀ ní 1970. Àṣìkọ ńlá kan máa ń wáyé tí odindi jíìnì á di méjì. Ọ̀kan ń bá iṣẹ́ ilé lọ, èkejì ráyè ṣeré. Eré yẹn ló ń di iṣẹ́.

Ẹ wo ẹ̀wà Phaseolus vulgaris. Prótéìnì mẹ́ta wà nínú irúgbìn rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọmọ ìyá, jíìnì kan ló bí wọn. Ọ̀kan ń lẹ̀ mọ́ ṣúgà tó wà lára ìfun ẹni tó jẹ ẹ́. Èkejì, arcelin, inú ẹ̀wà inú igbó ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti rí i, ó sì ń lé kòkòrò tó ń gbé inú ẹ̀wà. Ẹ̀kẹta pàdánù àwọn ètè kan lára rẹ̀, àdánù náà ló sì jẹ́ kó rí ara tó fi ń dí ẹnu ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò fi ń da ìyẹ̀fun inú irúgbìn nínú. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Zabrotes borí ẹ̀kẹta yìí, ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n wá inú ẹ̀wà igbó lọ, wọ́n bá àbúrò ẹ̀kẹta yẹn níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Zabrotes ò lè jẹ èyí.

Ọ̀nà kejì ni àsopọ̀. Ricin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, prótéìnì méjì tí a so pọ̀ ni: apá kan ń ba ẹ̀rọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́, apá kejì ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì kí ti àkọ́kọ́ lè ráyè wọlé. Ọkà báálì ní apá àkọ́kọ́ yẹn nìkan. Àwọn èèyàn ń jẹ báálì lójoojúmọ́, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, torí apànìyàn náà ò rí ẹni ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọ̀nà kẹta ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn ewéko tó ń jẹ kòkòrò. Charles Darwin kọ odindi ìwé nípa wọn ní 1875. Níbo ni ewéko ti rí ẹ́ńsáìmù tó fi ń da kòkòrò nínú? Ní 2017, Kenji Fukushima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo DNA Cephalotus, ewéko kékeré kan ní Ọsirélíà tí ewé rẹ̀ dà bí ìkòkò, wọ́n sì fi oje rẹ̀ wé ti àwọn ajẹ-kòkòrò mìíràn tí kò bá a tan. Kítínéèsì wà níbẹ̀! Àwọn ohun ìjà àtijọ́ ló kún inú ìkòkò yẹn. Ohun tí wọ́n fi ń lé kòkòrò ni wọ́n sọ di eyín. Àwọn ewéko tí kò bára tan yìí tilẹ̀ pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ní ojú ibì kan náà, láìjẹ́ pé ẹnì kan wo ẹnì kejì ṣe é.

Àwọn olùṣọ́

Ọ̀bẹ wà, ohun tó ń da ikùn rú wà. Ta ló ń sọ pé ogun dé?

Àwọn olùṣọ́ kan wà lójú òde sẹ́ẹ̀lì. Bakitéríà púpọ̀ ní ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Prótéìnì inú ìrù yẹn ṣòro fún wọn láti pààrọ̀, torí bí wọ́n bá tún un ṣe jù, ìrù ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ewéko mọ ìyẹn. Ẹ dárí jì mí, ewéko ò mọ nǹkan kan; àwọn tí olùṣọ́ wọn bá ibi tó yẹ mu ló bímọ, bí mo bá ní "ewéko mọ̀", ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Olùṣọ́ kan tó ń jẹ́ FLS2, tí wọ́n rí nínú ewéko kékeré Arabidopsis ní 2000, ìlẹ̀kẹ̀ 22 lára ìrù bakitéríà ló ń wá kiri. Bó bá ti fojú kàn án, ariwo ta. Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀tá ò sùn. Ó ní àwọn prótéìnì tó ń tì wọ inú sẹ́ẹ̀lì láti pa ariwo yẹn lẹ́nu mọ́. Ewéko wá ní olùṣọ́ kejì nínú ilé, NLR ni orúkọ ìdílé wọn. Nínú Arabidopsis, wọ́n tó 150. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní agbo-ilé agbo-ilé, ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò, èyí tó mú kó rọrùn fún àṣìkọ láti pò wọ́n pọ̀, kó gé orí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìdí èkejì.

Ẹni tó rí ojú ọ̀nà yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí DNA ṣe rí ni Harold Flor, ní North Dakota. Ọ̀gbọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ewéko tí wọ́n ń fi fọ́nrán ara rẹ̀ hun aṣọ, àti fọ́ńgọ́ọ̀sì ìpáàrà tó ń jẹ ẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú ewéko bá ewéko bímọ, wọ́n ń wo èyí tó yè. Flor ní òun máa sin àwọn méjèèjì, ọ̀gbọ̀ lọ́tọ̀, ìpáàrà lọ́tọ̀. Ẹ fojú inú wo irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Láti 1942 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tó rí: jíìnì ààbò kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀gbọ̀ ní jíìnì kan nínú ìpáàrà tó bá a mu, bí àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó di 2006, ọdún 64 lẹ́yìn náà, kí Peter Dodds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tó fi hàn pé prótéìnì inú ọ̀gbọ̀ àti ti inú ìpáàrà ń fọwọ́ kan ara wọn ní tààrà. Ojú ibi tí wọ́n ti ń kanra gan-an ni àwọn méjèèjì ti ń yí padà. Ẹ rántí ẹnu ọ̀bẹ.

Kì í ṣe gbogbo olùṣọ́ ló ń wo ojú ọ̀tá. Nínú Arabidopsis, prótéìnì kan wà tó ń jẹ́ RIN4, tí bakitéríà fẹ́ràn láti bà jẹ́. Olùṣọ́ méjì, RPM1 àti RPS2, jókòó tì í. Ẹni yòówù kó fọwọ́ kàn án, wọn ò béèrè orúkọ rẹ̀, ariwo ni. Ìrẹsì tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: olùṣọ́ rẹ̀ kan, Pik-1, gbé àwòrán ohun tí ọ̀tá ń wá sára ara rẹ̀, bí ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Ọ̀tá á sáré wá mú un, ìwọ̀ á gbé e.

Bí ariwo bá ta tán, kí ló kàn? Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá wọ̀ á pa ara rẹ̀, ọ̀tá á kú sínú rẹ̀ tàbí kí ebi pa á. Ikú tí ì bá pa ni, bó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dú. Ẹ ti rí àmì kékeré gbígbẹ lójú ewé rí. Nígbà mìíràn, fìlà tó ṣí nìyẹn. Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí ní Ṣáínà fi àwòrán hàn bí olùṣọ́ kan tó ń jẹ́ ZAR1 ṣe ń ṣe é: márùn-ún nínú wọn á para pọ̀ di àgbá kẹ̀kẹ́ kan, àgbá náà á gún awọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 2021, wọ́n fi hàn pé kálísíọ́mù ló ń gba ibẹ̀ ya wọlé.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ ZAR1, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ sọ nílé pé mo ní gbogbo rẹ̀ ló ń sáré. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún tí ZAR1 ti wà nínú ìran ewéko olódòdó, ìyípadà rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ṣé kò ta ko ọ̀rọ̀ mi? Mo rò ó títí. ZAR1 kì í fọwọ́ kan ọ̀tá. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló ń rán lọ, àwọn ìránṣẹ́ yẹn ló sì pọ̀ lóríṣiríṣi.

Ààbò ní ohun tó ń náni

Ta ni kò fẹ́ ẹgbẹ̀rún olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà? Ewéko ò fẹ́. Ní 2003, àwọn tó ń bá Joy Bergelson ṣiṣẹ́ gbin Arabidopsis sóko, oríṣi méjì tí kò fi nǹkan kan yàtọ̀ ju RPM1 lọ. Kò sí ọ̀tá tó wá. Èyí tó ní RPM1 fi ìdá 9 nínú 100 kéré sí èkejì nínú irúgbìn tó so. Olùṣọ́ ń jẹun bí ogun ò tilẹ̀ dé.

Èyí ló jẹ́ ká lóye ohun tí wọ́n ti rí ní 1999, pé àwọn Arabidopsis kan ní RPM1, àwọn kan ò ní i rárá, jíìnì náà ti yọ dànù. Wọ́n ṣírò bí ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́ tó: nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn tó ní i ò borí, àwọn tí kò ní i ò run. Bí ọ̀tá bá pọ̀, tí àkọ́kọ́ á dára. Bó bá dínkù, tèkejì. J. B. S. Haldane ti wí nǹkan tó jọ ọ́ ní 1949: àrùn máa ń mọ ẹni tó pọ̀ jù láwùjọ, ẹni tó bá ṣọ̀wọ́n ló máa ń rí i gbà kọjá. Gbogbo wa kọ́ la lè sùn ká kọrí síbì kan náà.

Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ní Tübingen, ní Jámánì, Kirsten Bomblies, Detlef Weigel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú Arabidopsis bá Arabidopsis bímọ. Bàbá lera, ìyá lera. Lára àwọn ọmọ, àwọn kan rán, ewé wọn ń gbẹ, bí ẹni pé àrùn ń jà níbẹ̀. Kò sí àrùn kankan. Olùṣọ́ tó wá láti ilé bàbá àti prótéìnì láti ilé ìyá rò pé ọ̀tá ni ara wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Bí wọ́n bá gbé àwọn ọmọ náà síbi tó móoru díẹ̀, wọ́n ń gbádùn padà.

Oko tó rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ibí ni àwa èèyàn ti wọlé. Inú igbó, ewéko mẹ́wàá lè ní olùṣọ́ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa wá, a mú ọ̀kan tó so dáadáa, a fi kún ilẹ̀ tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀. Ní 1845, Phytophthora infestans, ìbátan ọ̀tá sóyà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ oko pòtétò ní Ireland. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú nínú ìyàn tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ mú jíìnì ààbò láti inú ìbátan pòtétò tó ń gbé inú igbó ní Mẹ́síkò. Wọ́n mú ọ̀kan, ọ̀tá borí rẹ̀. Wọ́n mú òmíràn, ọ̀tá borí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka DNA ọ̀tá yìí tán ní 2009, a rí ìdí: àwọn jíìnì tó ń lò lójú ogun wà lójú ibi tí ìwé náà ti kún fún àtúnkọ, ibi tí àṣìkọ ti rọrùn jù lọ. Àwọn jíìnì tó ń lò nínú ilé wà lọ́tọ̀, ní àdúgbò tó dákẹ́.

Àlìkámà náà ń kọ́? Ó ju ogún ọdún lọ tí jíìnì kan, Sr31, tí wọ́n mú láti ara ọkà ráì, fi ń gba àlìkámà lọ́wọ́ ìpáàrà igi rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé. Gbogbo ayé fara tì í. Ní 1998, wọ́n rí ìpáàrà kan ní Ùgáńdà tí Sr31 ò lè dá dúró. Ug99 ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùṣèwádìí padà sínú àlìkámà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti pa tì. Nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ Triticum monococcum ni wọ́n ti rí Sr35, wọ́n sì yọ jíìnì náà jáde ní 2013. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán prótéìnì rẹ̀ ní 2022, àgbá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún ni, bíi ti ZAR1. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń to jíìnì bíi mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún jọ sínú àlìkámà kan, kó lè ṣòro fún ọ̀tá láti borí gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò náà dára. Èmi fúnra mi ń bẹ̀rù pé a ó tún mú àkójọ kan ṣoṣo, ká tún gbìn ín síbi gbogbo.

Torí Ug99 náà ti bímọ. Ní 2006, wọ́n rí ọ̀kan nínú ìdílé rẹ̀ ní Kẹ́ńyà tó ti borí jíìnì ààbò mìíràn, Sr24. Ní 2007, wọ́n rí òmíràn tó borí Sr36.

Alága ti ń wo aago, mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Ọwọ́ kan ti wà lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ fún un.